Eyín Kan, Ìtumọ̀ Méjì: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ìbáramu Ẹ̀yà Họ́ọ̀bù Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́

Bí olùtumọ̀ kan bá kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà pé kí alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ wá àwo "tí ó ní eyín 24", kò sí olùkọ́ èdè tí yóò rí àléébù nínú gbólóhùn náà. Gírámà rẹ̀ pé, àkọtọ́ rẹ̀ bá ti òde òní mu, àmì ohùn rẹ̀ sì wà ní ipò wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó jókòó sídìí iṣẹ́ ní Ìgbayè, tí ó di irin mú lọ́wọ́, kò ní mọ ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe. Ó lè jẹ́ pé etí àwo náà, níbi tí ṣéènì ti ń rìn, ni eyín 24 gbọdọ̀ wà. Ó sì lè jẹ́ pé inú ihò àwo náà, níbi tí ó ti ń lọ́ mọ́ họ́ọ̀bù, ni ó ti gbọdọ̀ ka 24 nínú íǹṣì kan. Ohun méjì tí kò bára tan ni wọ́n. Èkíní ń sọ bí kẹ̀kẹ́ yóò ti wúwo lẹ́sẹ̀ tó. Èkejì ń sọ bóyá àwo náà yóò dúró sí ìdí kẹ̀kẹ́ tàbí yóò tú nígbà tí ènìyàn bá ń gùn ún lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, eyín, ni a sì fi bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ ìperí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, tí wọ́n sì ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́, ó ti hàn gbangba pé kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ tí èdè náà kò lè gbé. Ìdìpọ̀ kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, jáde ní 1984. Ìdìpọ̀ kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Àwọn ìwé wọ̀nyí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ohun èlò tí ó tó lò. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀nà kan náà wọ inú ilé iṣẹ́ ọwọ́, àìtó kan yóò yọjú. Orúkọ ni ọ̀pọ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ ìperí ń wá. Ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn ni "Kí ni èyí ń jẹ́?" Ìbéèrè tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń béèrè láti àárọ̀ di alẹ́ ni "Ṣé èyí lè bá ìyẹn lọ?" Ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ láìmọ èyí tí ó lè bá èkejì lọ kò tíì mọ nǹkan kan tí ó lè gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú kan.

Kẹ̀kẹ́ kan wà tí ó ń fi àìtó yìí hàn ju àwọn yòókù lọ. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò fi ń rìn láàrin Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti Ìgbayè kí ọ̀kadà tó gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, jíà kan ṣoṣo ni ó ní, ṣùgbọ́n fíríwíìlì wà ní ìdí rẹ̀. Bí ẹni tí ó gùn ún bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó lè dá ẹsẹ̀ dúró lórí pẹ́dà kí kẹ̀kẹ́ máa sáré lọ fúnra rẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ kejì yìí, fíríwíìlì kò sí. A lọ́ àwo eléyín mọ́ họ́ọ̀bù ní tààrà, a sì há a mọ́ ibẹ̀. Bí àgbá kẹ̀kẹ́ bá ń yí, pẹ́dà ń yí. Bí pẹ́dà bá dúró, àgbá náà dúró. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń gùn ún kò ní ìsinmi títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá fẹ́ dẹ ìrìn rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni yóò fi ta ko pẹ́dà. Kì í ṣe ohun tuntun: irú rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Rover tí John Kemp Starley gbé jáde ní Coventry ní 1885, apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni fíríwíìlì sì tó gbilẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni àwọn tí ń díje lórí pápá yípo ń gùn títí di òní. Ó lè wọlé láàrin kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó rà á mọ̀, nítorí pé bí a bá gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò yàtọ̀ lójú sí èyí tí gbogbo ayé ti mọ̀.

Ibi orúkọ rẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹẹsẹ yóò pè é ní kẹ̀kẹ́ aláìyíjíà. Orúkọ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Kẹ̀kẹ́ àgbẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí kì í yí jíà pẹ̀lú, ó sì ní fíríwíìlì. Bí aláìyíjíà bá jẹ́ orúkọ ọ̀kan, ó ti di orúkọ àwọn méjèèjì, a kò sì tíì sọ ohun tí ó yà wọ́n. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé nínú ọ̀kan, ẹsẹ̀ àti àgbá lè ya ara wọn sílẹ̀; nínú èkejì, wọ́n jùmọ̀ ń yí ni. Kẹ̀kẹ́ alájùmọ̀yí ni orúkọ tí ó bá a mu. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò ti mọ̀ kí ó tó gun orí rẹ̀ pé òun kò gbọdọ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lójijì. (Orúkọ àtijọ́ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn, kẹ̀kẹ́ ológeere, ti dàbí ẹni pé fíríwíìlì ni wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́: ohun tí ń lọ geere láìsí akitiyan ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ alájùmọ̀yí kì í fi ẹni tí ó gùn ún sílẹ̀ kí ó ṣe geere.)

Nípa họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, kò sí ìdí fún àríyànjiyàn gígùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pè é ní ìdodo kẹ̀kẹ́, nítorí pé àárín gbùngbùn ni ó wà bí ìdodo ti wà lára ènìyàn, kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ họ́ọ̀bù bí gbogbo alátùn-únṣe ti ń pè é, òun náà kò jẹ̀bi. Kò sí ẹni tí yóò ṣubú nítorí pé ó yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ibi tí ewu wà ni ohun tí a gbẹ́ yí ara họ́ọ̀bù ká.

Bí a bá yọ fíríwíìlì kúrò ní ìdí kẹ̀kẹ́ àgbẹ̀, ìpele kan ṣoṣo ni a óò rí ní apá ọ̀tún họ́ọ̀bù, tí a ti gbẹ́ yípo bí ọrùn ìgò. Bí a bá tú ti kẹ̀kẹ́ alájùmọ̀yí, ìpele méjì ni, bí àtẹ̀gùn: èyí tí ó tóbi wà nínú, èyí tí ó kéré jù ú lọ wà lóde. Àwo eléyín ń lọ́ mọ́ ti inú. Òrùka kan tí ó yẹ kí á máa pè ní òrùka ìhámọ́ ń lọ́ mọ́ ti òde, ó sì ń ti àwo náà mọ́ ibi tí ó wà. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí ń yẹ ìbáramu wò gbọdọ̀ ṣe, kò sì ná an ní kọ́bọ̀: kí ó ka ìpele. Ibi tí ìpele kò bá pé méjì, kò sí ìdí láti máa wọn ohunkóhun mọ́. Ibẹ̀ kì í ṣe ibùjókòó àwo alájùmọ̀yí.

Ohun tí a gbẹ́ sára ìpele wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ó rọrùn láti pè é ní eyín, nítorí pé ó ń gé ọwọ́, ó sì ń jẹ irin. Yorùbá ti fi eyín fún ayùn, wọ́n ti fi fún ìyarun, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé wọ́n ṣìṣe. Ṣùgbọ́n eyín ayùn àti eyín ìyarun dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì lè kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti etí àwo tí ṣéènì ń rìn lórí rẹ̀. Ti ara họ́ọ̀bù kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni, tí ó ń lọ́ yí irin ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí okùn tí a wé mọ́ igi. Ìlọ́ ni ó jẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́ ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó bá ń de nọ́ọ̀tì ń lọ́ ọ ni, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- sì ti tó láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí a bá fi eyín sílẹ̀ fún etí àwo, tí a sì fi ìlọ́ fún inú ihò rẹ̀, gbólóhùn tí ó da alátùn-únṣe ti Ìgbayè láàmú yóò là: eyín 18, ìlọ́ 24. Kò sí ẹni tí ó tún lè fi ọ̀kan pe èkejì.

Ṣùgbọ́n ìlọ́ méjì tí ó wà lára họ́ọ̀bù yìí kò lọ sí ìhà kan náà, ibí yìí sì ni ọgbọ́n gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ìlọ́ àwo eléyín dà bí ti ìdérí ìgò: bí a bá yí i sí ọ̀tún, ó le, bí a bá yí i sí òsì, ó tú. Bí ènìyàn bá ń wa kẹ̀kẹ́ lọ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mú àwo náà le sí i. Nígbà tí ó bá fẹ́ dúró tí ó sì fi ẹsẹ̀ ta ko pẹ́dà, agbára náà ń gba ojú ṣéènì padà wá, ó sì ń fẹ́ yí àwo náà sí òsì láti tú u. Òrùka ìhámọ́ ni ó dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ìlọ́ òrùka yìí sódì, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá yí i sí òsì ni ó ń le. Nítorí náà, bí àwo bá gbìyànjú láti tú, tí ó sì ń fa òrùka lọ́wọ́, le ni òrùka náà ń le sí i. Bí ọ̀tá bá ṣe ń tì, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń sé.

Báwo ni kí á ti sọ èyí ní Yorùbá? Ìlọ́ òsì àti ìlọ́ ọ̀tún ni ó kọ́kọ́ máa ń wá síni lẹ́nu, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún dá wọn mọ̀. Kò yẹ kí á tẹ́wọ́ gba èyí. Kẹ̀kẹ́ ní apá òsì àti apá ọ̀tún tirẹ̀, àwọn alátùn-únṣe sì ń lo àwọn ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́: pẹ́dà òsì, pẹ́dà ọ̀tún. Ní ti pẹ́dà, èèṣì kan wáyé tí ó dára: ìlọ́ tí a yí sódì wà lára pẹ́dà òsì, nítorí náà ìlọ́ òsì lè túmọ̀ sí méjèèjì, kí ó má sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ní ti họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, apá ọ̀tún kẹ̀kẹ́ ni ìlọ́ méjèèjì wà. Ẹni tí a bá ní kí ó wá ìlọ́ òsì yóò yí kẹ̀kẹ́ padà, yóò máa wo apá òsì níbi tí kò sí nǹkan kan. Bí ó bá tún ní sùúrù díẹ̀, yóò pinnu pé ẹni tí ó kọ ìwé kò mọ iṣẹ́. Ìṣe ọwọ́ ni ó yẹ kí á fi dárúkọ rẹ̀: ìlọ́ ayísọ́tùn-ún, èyí tí a ń yí sí ọ̀tún kí ó tó le, ìlọ́ ayísósì, èyí tí a ń yí sí òsì kí ó tó le. Àwọn ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́ni wà nínú wọn. Ẹni tí ó fẹ́ tú òrùka ìhámọ́, tí ó sì mọ̀ pé ayísósì ni, kò ní fi sípánà fà á sí òsì títí etí rẹ̀ yóò fi ya.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ti ìbáramu fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ìwé tipẹ́, kò sì burú. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn olùtumọ̀ ń fi í pa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó pé jù ú lọ rẹ́, ọ̀rọ̀ tí aránṣọ, alágbẹ̀dẹ àti alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ láìsí wọn. Nọ́ọ̀tì lè wọlé. Ó lè wọlé kí ó sì há. Ó lè wọlé kí ó máa yọ̀. Ó sì lè ṣe rẹ́gí. Mẹ́rin ni ìwọ̀nyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń sọ ohun tí a lè fi òṣùwọ̀n jẹ́rìí sí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìlọ́ àwo eléyín ni ìdábùú íǹṣì 1.37, pẹ̀lú ìlọ́ 24 nínú íǹṣì kan. Ti òrùka ìhámọ́ jẹ́ íǹṣì 1.29, ìlọ́ 24, ayísósì. Àwọn ará Ítálì ní òrùka tiwọn tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1.32, tí ìlọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 24 bákan náà. Ìyàtọ̀ 1.29 sí 1.32 kò tó mìlímítà kan. Ojú lásán kò lè rí i. Bí a bá mú òrùka Ítálì wá sórí họ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì, yóò wọlé wẹ́rẹ́, inú ẹni tí ó ń ṣe é yóò sì dùn. Ó wọlé nítorí pé ó fẹ̀ jù. Orí ṣóńṣó ìlọ́ nìkan ni ó dì mú, ọjọ́ tí agbára bá sì dé sí i, yóò yọ̀, yóò sì bọ́. Bí a bá mú òrùka Gẹ̀ẹ́sì wá sórí họ́ọ̀bù Ítálì, kò ní wọlé rárá, nǹkan kan kò sì ní bàjẹ́ bí kò ṣe pé ẹnìkan fi ipá tì í. Nínú méjèèjì, èyí tí ó kọ̀ láti wọlé ni ó sàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nọ́ọ̀tì tí ń de ọ̀pá họ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ìdíje nípọn tó mìlímítà 10. Ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ íǹṣì, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 9.5 àti díẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí ó fẹ̀ yóò gun ọ̀pá tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ láìjanpata, kò sì ní dì í mú.

Ìyẹn ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ń fi ìka méjì lọ́ nọ́ọ̀tì dé ìdí kí wọ́n tó mú sípánà. Bí ó bá béèrè sípánà kí ó tó yí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó há: àlàfo ìlọ́ wọn kò dọ́gba. Bí a bá lè mì í síwá sẹ́yìn lẹ́yìn tí ó ti wọlé, ó yọ̀: ìdábùú wọn kò dọ́gba. Ìdánwò yìí pé gẹ́gẹ́ bí èyíkéyìí tí a lè kọ sínú ìwé físíìsì, èdè rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Olùtumọ̀ tí ó kọ "kò bára mu" síbi tí alátùn-únṣe ì bá ti sọ "ó yọ̀" ti dín ìmọ̀ kù, ó sì rò pé òun ti sọ ọ́ di ti ọ̀mọ̀wé.

Àléébù mìíràn wà nínú ìbáramu tí onígírámà yóò tètè rí. Ara wà nínú rẹ̀. Ohun méjì tí ó bá ara wọn mu, bí èyí ti bá ìyẹn mu ni ìyẹn náà bá èyí mu. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣi ṣéènì méjì ni ó wọ́pọ̀ fún irú kẹ̀kẹ́ yìí: inú ọ̀kan fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì, inú èkejì kò ju ìdá mẹ́ta nínú méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Gígùn orí-ìké kan sí èkejì dọ́gba nínú méjèèjì, ìdajì íǹṣì ni. Ṣéènì tí ó fẹ̀ yóò rìn lórí àwo tí eyín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ó tilẹ̀ lè máa pariwo díẹ̀. Ṣéènì tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní jókòó sórí eyín tí ó nípọn láéláé. Ọ̀kan gba èkejì mọ́ra. Èkejì kò gbà á. Ṣé a lè sọ pé wọ́n bára mu? Ìgbàmọ́ra ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ibí yìí, kí á sì fi ìbáramu sílẹ̀ fún ohun méjì tí a lè pààrọ̀ ipò wọn. Ìyàtọ̀ yìí kò mọ sórí kẹ̀kẹ́ nìkan. Àwọn tí ń túmọ̀ ìwé lórí ìfàjẹ̀sínilára yóò mọ iyì rẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ oríṣi O lè wọ ara ẹni tí ó ní oríṣi A, ṣùgbọ́n ti A kò gbọdọ̀ wọ ara ẹni tí ó ní O.

Ọ̀ràn tí ó le jù ni ti ohun tí ó ṣe rẹ́gí tí kò sì yẹ. Ní ibi tí ọ̀pá pẹ́dà ti ń yí nínú fírémù, òrùka kan wà ní apá òsì tí ń de ife irin tí bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí ó tẹ̀ lé ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì, ìdábùú òrùka yìí jẹ́ íǹṣì 1.37, ìlọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 24, gẹ́lẹ́ bí ti ibùjókòó fíríwíìlì. (Àwọn Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham yà kúrò nínú èyí: ìlọ́ 26 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti tún Raleigh ṣe rí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo irin Gẹ̀ẹ́sì ni Raleigh ń gbà.) Nítorí náà, ẹni tí kò ní họ́ọ̀bù alájùmọ̀yí lè yọ fíríwíìlì kúrò lára họ́ọ̀bù àtijọ́, kí ó lọ́ àwo eléyín mọ́ ọn, kí ó sì mú òrùka pẹ́dà wá lọ́ tẹ̀ lé e. Yóò wọlé. Kò ní há, kò ní yọ̀. Òṣùwọ̀n yóò jẹ́rìí sí i pé ó ṣe rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ayísọ́tùn-ún ni òrùka náà, gẹ́gẹ́ bí àwo tí ó fẹ́ há mọ́. Ọjọ́ tí ẹni tí ó gùn ún bá fi ẹsẹ̀ ta ko pẹ́dà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwo yóò fẹ́ tú sí òsì, òrùka yóò bá a tú, pẹ́dà yóò sì máa yí lófo lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá ní ìjánu ní iwájú, kò sí ohun tí yóò dá a dúró.

Àwọn ìyá tí ń ra aṣọ ti mọ bí a ti ń sọ èyí. Ẹ̀wù lè bá ọmọ mu kí ó má sì yẹ ẹ́. Bíbá mu jẹ́ ti ìwọ̀n. Yíyẹ jẹ́ ti ohun tí a fẹ́ lò ó fún. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ó bá kọ ìbáramu nìkan yóò dá òrùka yìí láre. Èyí tí ó bá ní ìbáramu àti ìyẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìperí méjì, tí ó sì béèrè wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní jẹ́ kí ó kọjá.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀ràn kẹ̀kẹ́ àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí, pé kí ni ti Ìgbayè nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ní ìdíje Òlíńpíìkì tí ó wáyé ní Paris, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, Ese Ukpeseraye, díje nínú eré keirin lórí kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Jámánì yá a. Kẹ̀kẹ́ ojú títì ni ó ti gùn ṣáájú. Nígbà tí ààyè ṣí sílẹ̀ fún un lójijì láti díje lórí pápá yípo, kò ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dúpẹ́ ní gbangba lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n yá a. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìròyìn náà lè béèrè pé kí ni ó dé tí wọn kò kàn yọ àgbá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ojú títì kí wọ́n sì fi ti alájùmọ̀yí sí i. Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀. Àlàfo tí ó wà láàrin apá méjèèjì fírémù kẹ̀kẹ́ pápá ní ẹ̀yìn jẹ́ mìlímítà 120. Ti kẹ̀kẹ́ ojú títì òde òní sábà máa ń jẹ́ 130, tàbí 142 bí ìjánu rẹ̀ bá jẹ́ ti àwo. Kẹ̀kẹ́ pápá ní ojú ihò gbọọrọ ní ẹ̀yìn tí a lè fi fa àgbá sẹ́yìn kí ṣéènì le, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí yóò mú un le. Ti ojú títì kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ odidi ni wọ́n ní láti yá a. Ọmọ ilé-ìwé gíga kan ní Òkukù tí ó gbọ́ ìròyìn yìí lórí rédíò lè béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí olùkọ́ náà sá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó lè dá a lóhùn.

Àtakò kan ṣì wà tí ó lágbára ju ìyẹn lọ: pé àwọn alátùn-únṣe fúnra wọn kò bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tuntun, pé họ́ọ̀bù, ṣéènì, nọ́ọ̀tì àti fíríwíìlì ti tẹ́ wọn lọ́rùn. Òtítọ́ ni, ìdí sì nìyí tí kò fi sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí a dábàá pé kí wọ́n jù nù níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ àyálò dára fún ohun tí a lè nàka sí. Kò ṣeé nàka sí àlàfo ìlọ́, a kò lè nàka sí ayísósì, a kò sì lè fi ìka kan ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìbáramu àti ìyẹ. Ibẹ̀ ni alátùn-únṣe ti ń dákẹ́ tí ó sì ń fi ọwọ́ ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò rí ọwọ́ náà. Ẹni tí ó ń ka ìwé kò lè rí i.

Ibi kan ṣì wà tí ọ̀rọ̀ kò tíì gún. Gẹ̀ẹ́sì ń ka iye ìlọ́ tí ó wà nínú íǹṣì kan; Faransé ń wọn àlàfo láti ìlọ́ kan sí èkejì. Ìwọ̀n àtijọ́ ti ilẹ̀ Faransé fún ìlọ́ àwo eléyín ni ìdábùú mìlímítà 34.7 pẹ̀lú àlàfo mìlímítà 1. Ti Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá yí i padà, jẹ́ 34.8 pẹ̀lú àlàfo tí ó lé díẹ̀ ní 1.05. Ìdámẹ́wàá mìlímítà kan ni ó wà láàrin ìdábùú wọn, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan sí ipò èkejì. Bí ìperí Yorùbá bá jẹ́ iye ìlọ́, alátùn-únṣe ti Ìgbayè yóò lóye rẹ̀ kíá, nítorí pé ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ni ó bá nílẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Bénì Olómìnira níbi tí ọjà ilẹ̀ Faransé ti wọ̀, yóò ní àlàfo ni ó yẹ kí á fi dárúkọ rẹ̀. Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń sọ, ìwé kan náà ni ó sì yẹ kí wọ́n lè kà. Títí ìgbìmọ̀ kan yóò fi jókòó lé e, kí olùtumọ̀ kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iye ìlọ́ ṣáájú, àlàfo tẹ̀ lé e, bí ó tilẹ̀ gba ààyè nínú ìwé.